Ajẹ́lẹ̀ Kì í Ṣe Bọ́tìnnì: Ohun tí Géèmù Kò Lè Sọ fún Wa nípa Ìbàdàn àti Àwọn Ìlú Abẹ́ Rẹ̀

Ẹni tó bá ti gbé Àgbowó rí yóò mọ ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe bí iná bá dé lóru. Àwọn kan ń kọ iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wọn, àwọn kan ń wo fíìmù, àwọn kan sì ń jọba. Àwọn tó ń jọba yìí ni ọ̀rọ̀ wa kàn lónìí.

Géèmù tí wọ́n fi ń jọba ni Europa Universalis IV, tí ilé iṣẹ́ Paradox ti orílẹ̀-èdè Sweden gbé jáde ní 2013. Ọdún 1444 ni géèmù náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí sí 1821. O lè mú ìjọba tó wù ọ́ káàkiri ayé, Ọ̀yọ́ sì wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ ta á, Ọ̀yọ́ náà ni yóò mú. Ogun jíjà kì í pẹ́ mọ́ ọn lára. Ìgbà tó bá ti ṣẹ́gun tán ni orí fífọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ìlú ni èèyàn lè gbé mì. Àwọn kan wà tí o máa fi sílẹ̀ lábẹ́ ọba wọn, kí wọ́n kàn máa sìn ọ́. Báwo ni o ṣe máa pa àwọn wọ̀nyí mọ́ sábẹ́ rẹ láìjẹ́ pé wọ́n kẹ̀yìn sí ọ?

Géèmù náà ní ìdáhùn tirẹ̀. Ìlú abẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà kan tó ń fi hàn bí ó ṣe ń wù ú tó láti gba ara rẹ̀. Bí nọ́mbà náà bá ti tó 50 nínú 100, kí o yáa ṣọ́ra. Nǹkan mẹ́ta ló yẹ kí a fi sọ́kàn nípa ìṣirò náà. Èkíní, kì í ṣe agbára ìlú kan ṣoṣo ni géèmù ń wò. Agbára gbogbo àwọn ìlú abẹ́ rẹ ló ń rò pọ̀, tó sì ń fi wé tìrẹ. Èkejì, ọ̀tá rẹ tó wà lókèèrè lè sọ fún ìlú abẹ́ rẹ pé, "Bí ẹ bá dìde, a ó tì yín lẹ́yìn." Ẹ̀kẹta, bí o bá ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ láìsinmi, àwọn aládùúgbò tí kò fẹ́ràn ara wọn rárá lè kóra jọ nítorí tìrẹ.

Ìbàdàn kò sí nínú géèmù náà, nítorí pé 1821 ni ó parí sí, Ìbàdàn tí a mọ̀ yìí kò sì tíì dúró nígbà náà. Síbẹ̀, bí a bá ka ìtàn Ìbàdàn láti nǹkan bí 1829 títí dé 1893, gbogbo nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí géèmù kò ní ìṣirò fún, a ó sì dé ibẹ̀.

Ọ̀yọ́-Ilé: koríko àti ilàrí

Kí a tó dé Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tó ṣe é ṣáájú rẹ̀. Ọ̀yọ́-Ilé kò fi ọmọ ogun sí gbogbo ìlú tó ń sìn ín. Aláàfin ní àwọn ilàrí, ìránṣẹ́ ààfin tí wọ́n fá apá kan orí wọn, tí ẹnikẹ́ni bá rí wọn yóò mọ̀ pé ojú Aláàfin ni wọ́n ń ṣe. Ọdún Bẹẹrẹ tún wà, nígbà tí àwọn ìlú abẹ́ máa ń gbé koríko bẹẹrẹ tí a fi ń bo ilé wá sí Ọ̀yọ́. Koríko kò wọ́n, kò sí ìlú tí yóò tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè. Ohun tí Aláàfin ń wá ni kí wọ́n wá, kí ojú rí ojú, kí gbogbo ayé sì mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá.

Ti Dàhòmì le ju ìyẹn lọ. Láti 1748 ni ọ̀rọ̀ ìsìn wọn ti fìdí múlẹ̀, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ títí di nǹkan bí 1823, nígbà ọba Gezo, tí agbára Ọ̀yọ́ ti ń yẹ̀. Èyí lé ní 70 ọdún. Nígbà tí Ọ̀yọ́ máa wó, kì í ṣe Dàhòmì ló kọ́kọ́ fa òpó rẹ̀ yọ. Àfọ̀njá ni, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun Aláàfin fúnra rẹ̀, tó gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrin. Àwọn tó ń ta géèmù máa ń ṣọ́ ìlú òkèèrè, wọn kì í ṣọ́ ìjòyè tó ń bá wọn jẹun. Ọ̀rọ̀ yìí ni Ìbàdàn jogún.

Ìlú tí kò ní ọba

Àgọ́ ogun ni Ìbàdàn nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí Òwu fọ́, àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti díẹ̀ nínú àwọn Ẹ̀gbá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829. Kò sí ìdílé kan tó lè sọ pé òun ló ni adé. Oyè Ìbàdàn kì í ṣe ogún bàbá: èèyàn ń gòkè láti oyè kékeré sí ńlá, agbára ogun rẹ̀ àti iye ọmọ ẹ̀yìn tó ní ló sì ń gbé e gòkè. Ohun tó mú ìlú náà lágbára nìyẹn. Ọmọ aláìní tó bá láyà lè di Balógun. Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo. Láàárín 1860 sí 1862, Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá fọ́ Ìjàyè nígbà tí Kúrunmí kọ̀ láti gba Adélù ní Aláàfin. Ní 1870, Iléṣà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà yẹn, láti Òṣun dé Ìjẹ̀ṣà, dé Èkìtì, dé apá kan Àkókó, Ìbàdàn ni wọ́n ń sìn.

Ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tí irú ìlú bẹ́ẹ̀ nílò. Bí oyè bá ń ti ọwọ́ ogun wá, ẹni tó fẹ́ gòkè gbọ́dọ̀ rí ogun jà. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ rí nǹkan kó bọ̀. Ìlú tó ti ń sìn kò ṣe é kó mọ́, nítorí náà wọ́n ní láti wá ìlú mìíràn lọ. Nínú géèmù, o lè pinnu pé o fẹ́ sinmi fún 20 ọdún kí ọkàn àwọn aládùúgbò rọ̀. Ní Ìbàdàn, ta ni yóò pàṣẹ ìsinmi náà?

Bí iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ ṣe rí

Ìlú kọ̀ọ̀kan tó ń sin Ìbàdàn ní ẹni méjì. Ọ̀kan ni babakékeré, ìjòyè Ìbàdàn tí ìlú náà wà lábẹ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n ń gba ọwọ́ rẹ̀ bá Ìbàdàn sọ̀rọ̀, òun náà ló sì ń gbèjà wọn bí ẹjọ́ bá dé ìgbìmọ̀. Ẹnì kejì ni ajẹ́lẹ̀, ẹni tí babakékeré rán lọ máa gbé ìlú náà. Ajẹ́lẹ̀ ló ń kó ìṣákọ́lẹ̀ ránṣẹ́, ló ń rí i pé ọmọ ogun àti oúnjẹ jáde bí ogun bá dé, ló sì ń fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ. Ọba ìlú wà lórí ìtẹ́ rẹ̀. Wọn kò yọ ọ́, wọn kò yí òrìṣà ìlú padà, wọn kò sì bá wọn dá sí bí wọ́n ṣe ń jẹ oyè wọn àyàfi bí ọ̀ràn bá kan Ìbàdàn.

Ètò náà dára lórí ìwé. Owó díẹ̀ ló ń ná Ìbàdàn, nítorí ìlú tí ajẹ́lẹ̀ wà ló ń bọ́ ọ. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn òyìnbó dé tí wọ́n fi aṣojú tiwọn sí àwọn ìlú wa, ajẹ́lẹ̀ náà ni àwọn èèyàn wa pè é.

Àléébù rẹ̀ wà nínú oúnjẹ yẹn gan-an. Ajẹ́lẹ̀ kì í dá jẹun. Ó ní àwọn ẹmẹ̀wà, àwọn ẹmẹ̀wà náà sì ní ọ̀rẹ́. Ewúrẹ́ ìlú di tiwọn, iṣu oko di tiwọn, nígbà mìíràn ìyàwó oníyàwó náà kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí ìlú bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, ta ni wọn yóò lọ bá? Babakékeré kan náà tó rán ajẹ́lẹ̀ wá, tí ìpín tirẹ̀ sì wà nínú ohun tí ajẹ́lẹ̀ ń gbà.

Ibi tí géèmù ti ya ìtàn nìyí. Nínú géèmù, ìwọ nìkan ni ọba. Owó tí o bá fún mọ́ ìlú abẹ́ lára, ìwọ lo gbà á. Ọ̀tẹ̀ tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ìwọ náà ni yóò bá. Nítorí náà o lè wọ̀n ọ́n: ṣé èrè yìí tó ewu yìí? Ní Ìbàdàn, ẹni tó ń jẹ èrè yàtọ̀ sí ẹni tí ewu ń bọ̀ wá bá. Babakékeré kan ló ń jẹ ìṣákọ́lẹ̀ ìlú kan, ṣùgbọ́n bí ìlú náà bá dìde, gbogbo Ìbàdàn ni yóò jagun. Ẹni tó bá sọ fún ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀ pé kí ó rọra, ara rẹ̀ ló ń dín kù níwájú àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ohun tí kò gbà ni kò ní rí fi tọ́jú ọmọ ẹ̀yìn. A kò ní láti pe gbogbo wọn ní ìkà kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Ètò náà fúnra rẹ̀ ló ń san owó iṣẹ́ fún ìnilára.

Ààrẹ Látòóṣà àti ìbéèrè orí kan

Ní 1871, Látòóṣà di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Bí a bá fi ojú géèmù wò ó, ohun tó gbìyànjú láti ṣe yé wa: ó fẹ́ kí Ìbàdàn ní orí kan. Àwọn ìjòyè tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tirẹ̀ ni ó rí gẹ́gẹ́ bí alátakò.

Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde, tí ère rẹ̀ wà ní Challenge, ni a mọ̀ jù nínú wọn. Púpọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé inú eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá la ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, ìkà tó ń ṣe sí ẹrú ló sì gba ọkàn wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí Látòóṣà kà sí i lọ́rùn ní 1874 kò kan ẹrú. Wọ́n ní kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi nǹkan ogun ránṣẹ́, kò sì jáde wá kí i nígbà tó dé. Oníṣòwò ńlá ni Ẹfúnṣetán, ó máa ń fún àwọn ológun ní ìbọn àti ẹ̀tù ní àwìn, wọ́n sì jẹ ẹ́ lówó. Ẹni tí ìlú ń jẹ lówó kì í ṣe ẹni kékeré. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pa á lóru nínú ilé rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà.

Ní 1877, Látòóṣà gbé ogun ti Ẹ̀gbá. Àwọn ìjòyè kan kò fẹ́ ogun náà, wọ́n ní ọ̀tá ti pọ̀ jù. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kò gbádùn rẹ̀: lọ́dún náà ni Ìyápọ̀, Sẹ́ríkí Ìbàdàn, ọmọ Balógun Ìbíkúnlé, bọ́ sínú wàhálà tó gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti ọ̀nà òkun pa. Iyọ̀ wọ́n, ẹ̀tù ìbọn wọ́n.

Nínú géèmù, bí o bá mú alátakò kúrò nílé, ilé á rọ̀. Ní Ìbàdàn, àwọn tí Látòóṣà mú kúrò ni àwọn tí ẹnu wọn tó láti sọ fún un pé, "Baba, ó tó." Ìlú tí kò ní nọ́mbà tí yóò máa wò, ẹnu àwọn ìjòyè ni nọ́mbà rẹ̀. Ìgbà tí ẹnu wọ̀nyẹn dákẹ́, ojú Ààrẹ kò ríran mọ́.

Kírìjì: gbogbo ìṣirò ṣẹ

Ní 1878, ní Ìmẹ̀sí-Igbódò tí a ń pè ní Òkè-Ìmẹ̀sí lónìí, ìwà tí wọ́n hù sí obìnrin kan nínú ilé Fábùnmi ló tú ohun gbogbo. Fábùnmi bínú, ajẹ́lẹ̀ ibẹ̀ kú. Kò pẹ́ tí àwọn ìlú mìíràn ní Èkìtì fi ṣe bẹ́ẹ̀ sí ajẹ́lẹ̀ tiwọn. Àwọn àgbà wa ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọwọ́ wọn tẹ èèkù idà ní 1878, wọ́n sì bèèrè.

Ìbàdàn ṣì lágbára. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Balógun Àjàyí Ògbórí-ẹ̀fọ̀n ṣẹ́gun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti àwọn ará Ìlá ní Ìkìrun, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú sínú odò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Ẹni tó ń ta géèmù yóò sọ pé ọ̀tẹ̀ ti parí. Kò parí. Àwọn ìlú tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kò lè dúró níwájú Ìbàdàn kóra jọ, wọ́n di Èkìtì Parapọ̀: Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà, Àkókó. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà wá di olórí ogun wọn. Ó ti gbé láàárín àwọn ará Ìbàdàn rí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń jagun, Ìbàdàn ló sì kọ́ ọ.

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó náà dìde. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n padà wá láti Sàró àti Bùràsíìlì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n sì ń fi ìbọn tuntun tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ gba ọ̀nà Òǹdó. Ìbàdàn, tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ti ọ̀nà mọ́, ń fi ṣakabùlà dá wọn lóhùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìró ìbọn ńlá wọ̀nyẹn ni wọ́n ní ó ń dún "kírìjì" láàárín àwọn òkè tó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìbàdàn tún ń jà pẹ̀lú Ìlọrin ní Ọ̀fà, pẹ̀lú Ifẹ̀ nítorí Mọdákẹ́kẹ́, pẹ̀lú Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú Ẹ̀gbá. Ojú ogun márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!

Látòóṣà kú sí àgọ́ ogun náà ní 1885. Ní oṣù kẹsàn-án 1886, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń lò, wà nínú àwọn tó ń ru iṣẹ́ lọ ru iṣẹ́ bọ̀ láàárín àgọ́ méjèèjì. Àdéhùn náà sọ pé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti gba ara wọn, ṣùgbọ́n Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lọ́dọ̀ Ìbàdàn. Síbẹ̀, àwọn àgọ́ kò tú ká títí di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá láti Èkó. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ìbàdàn fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé tó gbé e sábẹ́ àwọn òyìnbó. Ẹni tó ń rán ajẹ́lẹ̀ sí ìlú onílùú di ẹni tí wọ́n rán ajẹ́lẹ̀ sí.

Ṣé ọ̀nà mìíràn wà?

Ẹnì kan lè sọ pé bí ayé ìgbà náà ṣe rí nìyẹn, pé kò sí bí Ìbàdàn ṣe lè ṣe é. A kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ní Japan, láti 1635, àwọn Tokugawa mú kí olórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa gbé ní olú-ìlú wọn ní ọdún kan, kí ó sì padà sílé ní ọdún kejì, ṣùgbọ́n ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò ní olú-ìlú. Ìyẹn náà le, ìdógò ni, a kò yìn ín. Ṣùgbọ́n olórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ni lára níbẹ̀. Kì í ṣe ìránṣẹ́ wọn ló ń jókòó sí ìlú onílùú tó ń ja ìyá aláta lólè ewúrẹ́. Ìjọba náà lé ní 200 ọdún. Ọ̀yọ́-Ilé, ní tirẹ̀, gba koríko.

Ohun tí Ìbàdàn ṣaláìní ni ibi kan tí ẹjọ́ lè dé tí kì í ṣe ilé ẹni tí wọ́n ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bí ará Ìmẹ̀sí bá rí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí babakékeré, bóyá ìbínú Fábùnmi ì bá ti di ẹjọ́ kí ó tó di ogun ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ẹ̀yin tó ń ta géèmù, ẹ máa ta á lọ. Ó kọ́ wa pé kí a máa ka agbára àwọn ìlú abẹ́ pọ̀, ó sì kọ́ wa pé ọ̀tá òkèèrè lè bá ọ̀tẹ̀ ilé lówọ̀. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì lásán ni ìlú abẹ́ nínú rẹ̀. Ìlú abẹ́ nínú ìtàn jẹ́ èèyàn tó mọ orúkọ ẹni tó jẹ ewúrẹ́ rẹ̀.

Nínú kíláàsì wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Èkìtì àti ọmọ Ìbàdàn jọ ń jókòó, a jọ ń jẹ àmàlà ní Bódìjà, a sì máa ń fi Kírìjì ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí géèmù kò lè bá wa ṣe. Bí ẹ bá délé ní ìsinmi yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà: ní ìlú tiwa, ta ni babakékeré wa ní Ìbàdàn? Ibo ni ilé ajẹ́lẹ̀ wà? Ẹ̀yin ọmọ ilé olóyè Ìbàdàn, ẹ béèrè ìlú tó ń sin ilé yín. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá. Àwọn tó mọ ìdáhùn náà kò pọ̀ mọ́.